Wọ́n Ní Kí N Bọ́ Ìbòmú, Mo Ní N Ò Bọ́

Ní Àmùwò, láti Kuje títí dé ẹ̀yìn Festac, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ orúkọ mi títí dòní. Màmá Bomúbomú ni wọ́n mọ̀. Èébú ni wọ́n fi orúkọ yẹn ṣe o, kì í ṣe oríkì. Mánéjà ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ló kọ́kọ́ fi pè mí níbi tí mi ò sí, àwọn òṣìṣẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn aláìsàn sì gbà á lẹ́nu òṣìṣẹ́. Nígbà tó kọ́kọ́ ta sí mi létí, inú bí mi. Nígbà tó yá, mo ní kí wọ́n máa pè é lọ. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ mi bú mi, kú iṣẹ́ ló kí mi.

Abọ́sẹ̀dé lorúkọ tí bàbá mi sọ mí. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ilé mi ní Festac ni mo jókòó sí tí mò ń sọ ìtàn yìí. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí aṣọ funfun ń wù. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ owó oṣù dá yín dúró. Bí wọ́n ṣe gbà mí náà kò ní àrà kankan nínú: mo ṣe ìdánwò, mo yege, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, kí ẹ tó wọlé síbi tí mo ti jáde.

Ìlá ni mo ti wá sí Èkó láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Ọ̀gá tó kọ́ wa ni Mátírọ̀n kan tí a máa ń pè ní Abẹ́rẹ́ bí wọn ò bá sí nítòsí. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ wọn sì máa ń gúnni dé egungun. Ẹsẹ̀ wọn kì í dún nílẹ̀. Wàá kàn rí i pé ẹnì kan ti dúró lẹ́yìn rẹ.

Mo ti rò pé bí mo bá ti débẹ̀ ni wọ́n máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Rárá o. Ọwọ́ fífọ̀ ni. A fọwọ́ títí awọ ọwọ́ wa fi ń bó. Bí a bá ń kùn, Mátírọ̀n á ní, “Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun. Ẹ̀yin ò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀.” Lẹ́yìn ọwọ́, ó kan ìbòmú.

Ìbòmú ayé ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà ní páálí. Aṣọ funfun ni. Àwa fúnra wa la máa ń gé e, a ó ṣẹ́ ẹ po, a ó rán okùn sí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí a bá lò ó tán, a ó sè é nínú ìkòkò ńlá bí ẹni ń se ẹ̀wà, a ó sá a sóòrùn, a ó sì lọ̀ ọ́. Ìdí ìkòkò yẹn ni mo gbé púpọ̀ nínú ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Ìyá mi rò pé ọmọ òun wà ní Èkó tó ń tọ́jú aláìsàn, èmi sì wà nídìí iná tí èéfín ń fín mi lójú.

Òfin tó wà nínú aṣọ kékeré yẹn pọ̀ ju ti ilé ẹjọ́ lọ. Okùn òkè ni kí o kọ́kọ́ so. Bí o bá fẹ́ tú u, ti ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ tú, kí iwájú rẹ̀ tó ti dọ̀tí má baà já lé ọ láyà. Má fọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Bó bá ti tutù, pààrọ̀ rẹ̀. Mo ṣì lè ka gbogbo rẹ̀ lójú oorun.

Lọ́jọ́ kan, ooru mú mi, mo fa ìbòmú mi wálẹ̀ sí àgbọ̀n, mo ń bá ọ̀rẹ́ mi Risi rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan.

“Abọ́sẹ̀dé, kí ló wà ní àgbọ̀n rẹ yẹn?”

“Ìbòmú ni, Mà.”

“Ṣé àgbọ̀n rẹ ló ń wúkọ́ ni?”

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, àtàwọn aláìsàn. Mátírọ̀n ní kí n kó gbogbo ìbòmú tí a ti sè, kí n lọ tún wọn sè. Mo sunkún nídìí ìkòkò lọ́jọ́ náà. Risi dúró tì mí, ó ń ko iná fún mi, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín. Risi nìyẹn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, Rísíkátù lorúkọ rẹ̀ ní kíkún, kò sí ìyà tí ẹ lè fi jẹ ẹ́ tí kò ní rí ẹ̀rín kan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Mátírọ̀n tún padà wá bá wa níbẹ̀. Ohùn wọn ti rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní, “Ẹ rò pé nítorí ara yín ni mo ṣe ní kí ẹ máa bo ẹnu. Ẹ̀yin lè sá. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ sí yín, ẹ lè yí ojú, ẹ lè jáde. Ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kò lè sá fún yín.” Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn nínú iṣẹ́ yìí tó ju ìyẹn lọ.

Mo kọ́ṣẹ́ tán, mo lọ́kọ. Ọkọ mi ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́, ìyẹn ló gbé wa dé Festac nígbà tí omi ṣì ń yọ nínú ẹ̀rọ gbogbo ilé. Mo bímọ, mo ń lọ síṣẹ́, mo ń bọ̀. Nǹkan ń yí padà lójú wa. Síríńjì onígíláàsì tí a máa ń sè lọ, oníke tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí a ń tì sábẹ́ ahọ́n láti mọ ìgbóná ara lọ, èyí tí a kàn ń nà síwájú orí dé. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn dára, mi ò bá wọn jà. Èmi kì í ṣe àgbà tó gbà pé ohun àtijọ́ nìkan ló dáa.

Mátírọ̀n Abẹ́rẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá tuntun tó gba wọ́ọ̀dù wa kò fẹ́ràn ìkòkò. Ó ní ayé ti lajú, pé ìbòmú onípépà tí a ń lò sọnù ló kù. Ó tọ̀nà. Àmọ́ nígbà tí pépà bá tán, wọn kì í tètè kó òmíràn wá. Èyí tó bá kù, yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń kó o lọ. Àwa tó wà nínú wọ́ọ̀dù gbalasa, ẹnu lásán la fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí a bèèrè, ọ̀gá ní kí a má dààmú, pé bíbo ẹnu ń dẹ́rù ba àwọn aláìsàn.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé kápẹ́ńtà kan wá. Ó rù, ibà ń ṣe é, ó ń wúkọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àwọn ẹbí rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan, a ò rí wọn mọ́. Risi ló gba ìtọ́jú rẹ̀ kanrí. Á po ògì fún un, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu, á máa pa á lẹ́rìn-ín. Bí ọkùnrin náà bá ti rẹ́rìn-ín, ikọ́ á gbé e.

Mo ṣì ní díẹ̀ nílé nínú àwọn ìbòmú aṣọ wa àtijọ́. Mo sè wọ́n, mo lọ̀ wọ́n, mo mú wọn wá fún Risi. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà náà.

“Risi, so eléyìí.”

“Bọ́sẹ̀, gbàgbé. Gbogbo ẹbí rẹ̀ ló ti sá fún un. Bí èmi náà bá bo ẹnu, á rò pé mo kórìíra òun ni.”

“Wàá ṣàlàyé fún un.”

“Àlàyé wo? Ojú lọ̀rọ̀ wà.”

“Ìbòmú ò kúkú bo ojú!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìbòmú náà sápò. Ìfẹ́ ló ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìmọ̀kan ni. Risi mọ ohun tí mo mọ̀, Mátírọ̀n kan náà ló kọ́ wa. Ìfẹ́ ló ṣe é, ìfẹ́ yẹn ni mo sì ń bá jà títí dòní.

Nígbà tí wọ́n yẹ ọkùnrin náà wò dáadáa, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, Risi bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ó ní àárẹ̀ oyún ni. Ó rù, ó ní oyún ni. Ó ń làágùn wọ aṣọ, ó ní oyún náà ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ní oògùn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀ tó sì lò ó tán, ó ń sàn. Risi kò tètè bẹ̀rẹ̀. Ó bí ọmọ náà láyọ̀, ọmọkùnrin. Kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n jókòó, Risi ti kú.

Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè búra pé ara ọkùnrin yẹn ló ti kó o. Èkó kún fún ikọ́. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí mo rí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkọ Risi wá sí wọ́ọ̀dù wa. Ó kó yúnífọ́ọ̀mù ìyàwó rẹ̀ wá, ó ti fọ̀ wọ́n, ó sì ti lọ̀ wọ́n. Ó dúró láàárín wa, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé iṣẹ́ yìí ló pa á?”

Ọ̀gá wa ní, “Ẹ gba kámú, Bọ̀dá. Ọlọ́run ló fún wa, òun náà ló gbà á.”

Ẹnu mi kò gbà á. Mo ní, “Iṣẹ́ ni, Bọ̀dá. Iṣẹ́ ni, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Wọn ò fún wa ní nǹkan tí a ó fi bo ẹnu.”

Ọkùnrin náà wò mí, ó mi orí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé.” Ó lọ. Ọ̀gá pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní mo ba orúkọ ilé ìwòsàn jẹ́, pé kí n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Mo ní n ò ní kọ ọ́. Wọ́n gbé mi kúrò ní wọ́ọ̀dù yẹn lọ síbi tí kò wu nọ́ọ̀sì kankan láti ti ṣiṣẹ́. Mo lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn láìbo ẹnu mọ́. Bí ìjọba bá fún wa, mo lò ó. Bí ìjọba kò bá fún wa, mo rán an.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lọ́dọ̀ ìjọba, ara mi ṣì le. Dókítà kan tó ní ilé ìwòsàn ní Àmùwò ní kí n wá bá òun mójú tó yàrá àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Ọmọlúàbí ni Dókítà yìí, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ìjà wa. Yàrá náà kéré, ó móoru, a kì í sì í pariwo níbẹ̀. Mẹ́ruwà ló ń gbé omi wá fún wa nínú kẹ̀kẹ́, nítorí ẹ̀rọ omi ti gbàgbé wa tipẹ́, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í wọlé láìfọwọ́. Nígbà náà gan-an ni wọ́n ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní Màmá yìí ń bo ẹnu bí olè.

Kòrónà wá dé. Gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ló sáré wá bá mi. “Màmá, báwo ni wọ́n ṣe ń so ó?” “Màmá, ṣé ibi aláwọ̀ búlúù ló ń wà níta?” Ní Mile 2, àwọn tó ń kiri ń gbé ìbòmú kọ́ igi, àwọn oníbàárà ń gbé e wọ̀ wò bí ẹni ń wọn fìlà, bí kò bá wù wọ́n wọ́n á bọ́ ọ padà fún ọlọ́jà. Kọ́ńdọ́tọ̀ ń yá èrò ní ìbòmú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, bí wọ́n bá kọjá tán á gbà á padà, á yá ẹlòmíràn. Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń gbọ̀n mí. Nínú ilé ìwòsàn, a ń wọ èyí tó nípọn, tó le bí ìkarahun, tó ń fa àpá sí imú. A sin àwọn tí a sin. Ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Nígbà tí kòrónà rọlẹ̀, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri iwájú ilé ìwòsàn wa, pé ìbòmú kì í ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni mọ́. Tósìn, mánéjà wa, ọmọbìnrin tó já fáfá, ló lẹ̀ ẹ́. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni gba ìtúsílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan ni mo bo ẹnu.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé àwọn tó fẹ́ bọ́ ọ kò ní ìdí. Ooru Èkó kì í ṣe eré, iná ìjọba kì í sì í dúró. Àwọn ọmọdé ń sá fún wa. Bàbá kan tún wà ní Festac, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, tí etí rẹ̀ ti di. Lọ́jọ́ kan, mò ń ṣàlàyé bó ṣe máa lo oògùn rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì. “Nọ́ọ̀sì! Mi ò gbọ́ nǹkan tí ẹ ń wí! Ẹnu yín ni mo fi ń gbọ́rọ̀!”

Ó dùn mí. Mo mú bàbá jáde sí gbangba níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, mo jìnnà sí i díẹ̀, mo tú ìbòmú mi, mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà kó lè wo ètè mi. Ó yé e. Nígbà tó yá, mo rán ọ̀kan tí mo fi ọ̀rá tó mọ́ gaara sí iwájú rẹ̀ nítorí tirẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀ báyìí, èémí mi ti bo ọ̀rá náà, ẹnu mi di kùrukùru. Bàbá rẹ́rìn-ín títí. A padà sí gbangba wa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí bàtà bá ń há ẹnì kan lẹ́sẹ̀, a kì í tìtorí ìyẹn ní kí gbogbo ìlú máa rìn láìwọ bàtà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìjà gidi dé. Ìyá Wàsíù ló gbé e wá. Ìjegun-Ẹ̀gbá ni wọ́n ń gbé, ẹja yíyan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Wàsíù ọmọ wọn ń wa tírélà, ìyàwó rẹ̀ ló bímọ sí wa lọ́wọ́. Ọmọbìnrin ni, oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ̀ẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Inú àpótí gíláàsì tó ń mú ọmọ móoru ni a tẹ́ ẹ sí. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ nìyẹn fún Ìyá Wàsíù, wọ́n sì ti ń fi ààwẹ̀ wá a tipẹ́.

Wọ́n dé pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń ṣàdúrà ni wọ́n ń wúkọ́.

Mo ní, “Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú oríire. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ níbí, kí ẹ sì fi èyí bo imú àti ẹnu yín.”

Wọ́n wo ìbòmú náà bí ẹni rí ejò. “Kí n bo ẹnu? Ṣé adẹ́tẹ̀ ni mí ni? Ẹ̀jẹ̀ mi ló wà níbẹ̀ yẹn! Mo fẹ́ fi ẹnu mi yìí súre sí i létí.”

Wàsíù bọ́ síwájú. “Màmá Nọ́ọ̀sì, kòrónà ti lọ o! Ẹ lọ wo Mile 2, ta ló ń bo ẹnu níbẹ̀? Àbẹ̀g, ẹ jẹ́ kí ìyá mi wọlé jàre.”

“Wàsíù, wọn ò ní kí n ṣọ́ Mile 2. Yàrá yìí ni wọ́n ní kí n ṣọ́.”

Ariwo pọ̀. Tósìn sáré dé. “Màmá, ẹ ti rí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri?”

“Mo rí i.”

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Pé kì í ṣe dandan. Ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé èèwọ̀ ni.”

“Màmá, oníbàárà ni wọ́n. Wọ́n lè bínú gbé ọmọ wọn lọ síbòmíràn.”

“Bí wọ́n bá máa gbé e lọ, kó jẹ́ pé alààyè ni wọ́n gbé.”

Ojú Tósìn yí padà. Ó ní bí mi ò bá ní jẹ́ kí wọ́n wọlé, kí n fi yàrá sílẹ̀ fún ẹni tó máa jẹ́ kí wọ́n wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké ti kó jọ, wọ́n ń wò wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo fa àga kan, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà gan-an, mo jókòó sórí rẹ̀.

Mo ní, “Lọ pe Dókítà. Bí Dókítà bá ní kí n dìde, mà á bọ́ yúnífọ́ọ̀mù mi, mà á sì máa lọ sílé mi. Ṣùgbọ́n kí Dókítà tó dé, ẹnu ṣíṣí kankan ò ní gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.”

Tósìn lọ. Wàsíù ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn, ó ń fi Pidgin bú mi. Ẹsẹ̀ ro Ìyá Wàsíù, mo ní kí wọ́n gbé àga wá fún wọn. A jókòó, àwa ìyá méjì, a kọjú síra wa bí àwọn tó ń jà lórí ilẹ̀. Mo wò wọ́n, mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Mo bá sọ ìtàn Risi fún wọn. Mi ò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo sọ ti kápẹ́ńtà, ti ògì, ti ìbòmú tó fi sápò.

Wọ́n ní, “Ọmọ tó bí ńkọ́?”

“Ó wà. Ìyá Risi ló tọ́ ọ. Kò mọ ojú ìyá rẹ̀.”

Ìyá Wàsíù nu ojú wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. “Ẹ mú un wá. Ẹ bá mi so ó, gèlè ni mo mọ̀ ọ́n wé, mi ò mọ eléyìí.”

Nígbà tí Dókítà fi máa dé, ìyá àgbà ti fọwọ́, wọ́n ti bo ẹnu, wọ́n sì ti tẹ̀ mọ́ gíláàsì, wọ́n ń ki ọmọ ní oríkì ìdílé wọn. Dókítà wò mí, ó sì wo àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yẹ ikọ́ Ìyá Wàsíù wò. Wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n ya fọ́tò àyà wọn. Èsì jáde. Kò sí nǹkan kan. Èéfín ẹja ni.

Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni Bomúbomú di orúkọ. Tósìn wá bá mi níwájú àwọn òṣìṣẹ́. “Màmá, ẹ rí i báyìí? Gbogbo ariwo yẹn, èéfín lásán ni.”

Mo ní, “Mo rí i, mo sì dúpẹ́. Tósìn, ṣé o máa ń ti ilẹ̀kùn rẹ kí o tó sùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Olè ò wá lánàá. Ṣé wàá ṣí i sílẹ̀ lónìí?”

Tósìn yí padà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé mo borí. Dókítà pe gbogbo wa jókòó. Ó ní, “Màmá, èèyàn ò lè máa gbé nínú ìbẹ̀rù títí láé.”

“Dókítà, ta ló ń bẹ̀rù? Ẹni tó ń bẹ̀rù kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá pa á láṣẹ pé ní yàrá ọmọ tuntun, àti níbi tí àwọn tó ń wúkọ́ ń jókòó sí, dandan ni kí gbogbo èèyàn bo ẹnu. Níbi tó kù, kí kálukú ṣe bó ṣe wù ú. Mo ní kò tó. Mo ní ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe, tí oògùn ti gba gbogbo okun rẹ̀, àga kan náà ló ń bá àwọn tó kù jókòó sí níwájú káúńtà. Ó ní kí n gba èyí ná. Mo gbà á, mi ò sì panu mọ́. Gbogbo ìpàdé tí a ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń tún un sọ, títí tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu. Síbẹ̀, mo ń sọ ọ́.

Ìyá Wàsíù ń wá lójoojúmọ́. Wọ́n á fọwọ́, wọ́n á so ìbòmú wọn fúnra wọn, wọ́n tilẹ̀ ń kọ́ àwọn ìyá ọkọ yòókù. Ọmọ náà ń gba ara. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa gbé e lọ sílé, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ìyá Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí mọ ohùn mi. Bí mo bá ti ń kì í, á dá ẹkún dúró. Kò bèèrè ẹnu mi rí.” Wàsíù náà wá dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde, pé ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ló ń fi àyà tẹ̀ yẹn.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, wọ́n á sọ fún yín pé ìbòmú ń dí ìfẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n á ní ẹ ń ṣe fújà, ẹ ń ṣe ojo. Bí ẹ bá mọ ìdí tí ẹ fi ń ṣe é, ẹ ṣe é lọ. Ẹni tó bá ní kò pọn dandan, kó wá dùbúlẹ̀ síbi tí kò ti lè sá, kí a wò ó bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà.

Lọ́jọ́ tí mo fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ṣe ayẹyẹ kékeré fún mi. Tósìn ló ra kéèkì. Dókítà ní kí wọ́n ya fọ́tò mi nínú yàrá àwọn ọmọ, kí n dúró láàárín àwọn àpótí gíláàsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fọ́tò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ díẹ̀, kí a lè rí ẹ̀rín yín.”

Gbogbo wọn yí ojú sí mi. Tósìn ti ń rẹ́rìn-ín, ó mọ ohun tí mo máa sọ.

“Ọmọ mi,” mo ní, “bí o bá fẹ́ rí ẹ̀rín mi, wá kí mi nílé ní Festac. Ya ohun tí o rí.”

Ó yà á. Fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ mi báyìí. Àlejò tí kò bá tíì mọ̀ mí dáadáa á dúró níwájú rẹ̀, á ní, “Màmá, ta nìyí tó bo ẹnu báyìí?”

Mà á ní, “Èmi ni. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà.”